Kí Eérún Fàdákà Tó Wọ Odò Wa

Gbólóhùn kan wà tí ó ti di kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ní ilẹ̀ wa. Gbólóhùn náà ni "ewé ni a fi ṣe é". Bí ẹnìkan bá gbé ọṣẹ wá sí ọjà Datcha, tí ó ní ewé ni a fi ṣe é, àwọn ènìyàn á rọ́ yí i ká. Bí ẹlòmíràn bá dìde nínú ọkọ̀ tí ó ti Lomé ń bọ̀ wá sí Atakpamé, tí ó na ìgò omi pupa rẹ́súrẹ́sú kan sókè, tí ó sì búra pé kò sí oògùn òyìnbó kankan nínú rẹ̀, kí ọkọ̀ náà tó dé Notsé, ìgò tí yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní í pọ̀ mọ́. Àwa tí a kàwé náà ń sọ ohun kan náà ní èdè Faransé: a ń pè é ní naturel, a ń pè é ní bio. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ní: ohun tí ó bá ti ara ewé wá kò lè pa ni lára.

Àwa tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti nípa ilẹ̀ ní lycée láti bí ogún ọdún kò bá ewé jà. Ọmọ ewé ni wá. Àgbo ni wọ́n fi wẹ̀ wá ní kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tí wọ́n fi ewé wo àìsàn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé ewé tún ń pani. Wọ́n mọ ewé tí a ń gún sínú odò tí ẹja fi ń léfòó. Wọ́n mọ̀ pé gbágùúdá kíkorò ní oró nínú, pé ó di ìgbà tí a bá họ ọ́, tí a rin ín, tí a fún un, tí a sì yan án kí ó tó di gààrí tí ọmọdé lè jẹ. Kò sí àgbà onímọ̀ ewé kan tí ó ń sọ pé ewé kì í pani. Ohun tí ó máa ń béèrè ni pé: ewé wo, èló ni, fún ta ni, àti fún ìgbà wo? Ìbéèrè mẹ́rin yìí ni a fẹ́ gbé lé orí ohun tuntun kan tí ń bọ̀ lọ́nà wa, èyí tí orúkọ ewé fẹ́ bá wọlé láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun náà ni eérún irin tí a fi omi ewé ṣe: eérún fàdákà, eérún wúrà, eérún bàbà, eérún síńkì. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní nanoparticules. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe kéré tó. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà 1.000.000.000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni nànómítà kan. Irun orí ènìyàn kan nípọn tó nǹkan bí 80.000 nànómítà. Eérún tí a ń wí yìí kì í ju nànómítà 100 lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì tó 50. Ojú kò lè rí i, ẹ̀rọ awò-kòkòrò tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa kò sì lè rí i.

Kí ni ìdí tí kíkéré fi ṣe pàtàkì? Ẹ mú ìṣù fàdákà kan tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà kan, tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, tí ó sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan. Gbogbo ara rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ lè fọwọ́ kàn kò ju sẹ̀ǹtímítà onígunmẹ́rin 6 lọ. Bí a bá gé ìṣù kan náà sí wẹ́wẹ́ títí eérún kọ̀ọ̀kan fi di nànómítà 10, ara tí afẹ́fẹ́ àti omi lè fọwọ́ kàn yóò di mítà onígunmẹ́rin 600, ó ju pápá básíkẹ́ẹ̀tì kan lọ. Fàdákà náà kò pọ̀ sí i, ojú iṣẹ́ rẹ̀ ni ó pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí fàdákà tí a fi ṣe òrùka fi lè wà lọ́wọ́ ìyá àgbà fún ogójì ọdún láì ṣe é ní ohunkóhun, tí eérún fàdákà sì fi lè pa kòkòrò àìfojúrí láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní Yunifásítì Ladoke Akintola, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan wà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef jẹ́ aṣáájú wọn. Ní ọdún 2016 wọ́n tẹ ìwádìí jáde lórí bí wọ́n ṣe fi èèpo kòkó ṣe eérún fàdákà, àti lórí bí wọ́n ṣe fi èèpo obì ṣe é. Ọ̀nà náà kò ṣòro láti sọ. Wọ́n á gbẹ èèpo náà, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é nínú omi, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Wọ́n á wá da omi rẹ̀ sínú omi mìíràn tí wọ́n ti yọ́ iyọ̀ fàdákà sí, èyí tí a ń pè ní nitrate d'argent. Àwọn ohun inú èèpo náà yóò mú fàdákà tí ó ti yọ́ kúrò nínú yíyọ́, yóò di eérún, omi náà yóò sì pọ́n díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bí kọfí. Pípọ́n yẹn ni àmì pé eérún ti wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ agbègbè wa yóò mọ ìdí tí ìròyìn yìí fi dùn mọ́ wa. Láti Atakpamé sí Amlamé, láti ibẹ̀ dé Badou, oko kòkó àti oko kọfí ni. Èso inú kòkó nìkan ni a ń tà, òkìtì èèpo ni a ń fi sílẹ̀ lábẹ́ igi kí ó jẹrà. Kí a gbọ́ pé ohun tí a ń dànù lè di ohun tí ń pa kòkòrò àrùn, tí a lè pò mọ́ ọ̀dà ilé kí ògiri má bu, tí ó sì ń pa tanwíjí kí ó tó di ẹ̀fọn, ọkàn ọmọ àgbẹ̀ wo ni kò ní í fò? Àwọn onímọ̀ ìhà yẹn tún lò ó fún tẹ̀tẹ̀ ní ọdún 2017, wọ́n sì rí i pé àwọn èròjà tí ń ṣe ara lóore pọ̀ sí i nínú ẹ̀fọ́ náà. A kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo irú iṣẹ́ báyìí. Ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń ṣe eérún fàdákà ní yàrá àyẹ̀wò a máa lo àwọn kẹ́míkà olóró bíi hydrazine. Ọ̀nà ewé kò nílò wọn. Èyí ni a fi ń pè é ní ọ̀nà "aláwọ̀ ewé", òtítọ́ sì ni.

Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́. Ọ̀nà tí a gbà ṣe nǹkan ni a fún ní orúkọ rere, kì í ṣe nǹkan tí a ṣe. Alágbẹ̀dẹ lè fi èédú igi dáradára rọ àdá. Èédú náà kò sọ pé kí àdá má gé ni lọ́wọ́. Ewé a máa jẹrà. Fàdákà kì í jẹrà. Nígbà tí omi èèpo kòkó bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí ó kù nínú ìgò ni fàdákà, bí a bá sì dà á sílẹ̀ ní òní, fàdákà ni yóò jẹ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i.

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì Terminale D ni ó gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ fún wa ní ọ̀nà tí a kò lè sá fún. Ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ ṣe eérún fàdákà fún ọjọ́ àṣà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan tí ó wà ní Lomé ti ṣèlérí ìgò nitrate d'argent kékeré kan, àwọn ọmọ sì ti kó èèpo kòkó jọ. A ní kí wọ́n dúró ná. Ọmọ náà dìde, ó ní: "Monsieur, bí ewé bá ti sọ fàdákà di ohun rere, kí ni a tún ń bẹ̀rù?" Àwọn tó kù pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe àrífín; ohun tí gbogbo ọjà Datcha gbà gbọ́ ni ó sọ.

A kò fi ìdáhùn wa sórí pátákó lọ́jọ́ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ mìíràn wà nílẹ̀ tí àwọn ọmọ náà mọ̀ dáadáa. Ìyá kan ní àdúgbò wa, tí a ń pè ní Ìyá wa nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, ní àrùn àtọ̀gbẹ, egbò sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Alágbàtà oògùn kan tí ń lọ láti ọjà dé ọjà tà á ní ohun tí ó pè ní omi fàdákà, ó ní ewé ni a fi tú fàdákà náà, nítorí náà kò ní ewu. Ìgò náà kò ní ìwé lára: kò sí ìwọ̀n, kò sí ọjọ́, kò sí orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Ìyá wa ń mu ún, ó ń fi wẹ egbò, ó sì pa oògùn ilé ìwòsàn tì. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi gbé e padà lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ni ó bá a lọ. A kò sọ pé fàdákà ni ó gé ìka rẹ̀. Oògùn tí ó pa tì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ewé ni" ni ó mú un pa á tì.

Mímu omi fàdákà kì í ṣe ohun tuntun, ewu rẹ̀ kì í sì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń mu fàdákà fún ìgbà pípẹ́, fàdákà náà a máa sùn sí abẹ́ awọ ara rẹ̀, awọ náà á sì di aláwọ̀ eérú tí ó fẹ́ jọ aró. Argyrie ni àwọn dókítà Faransé ń pè é. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé, kì í lọ mọ́. Ní ọdún 1999, àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, kéde pé àwọn omi fàdákà tí a ń tà láìsí ìwé dókítà kò ní ẹ̀rí pé wọ́n ń wo àìsàn kankan, kò sì sí ẹ̀rí pé wọn kò léwu. Èyí kò sọ pé fàdákà kò wúlò ní ìṣègùn. Láti ọdún 1881 ni dókítà ará Jámánì kan, Carl Credé, ti fi hàn pé ẹ̀kán nitrate d'argent lójú ọmọ tuntun lè gbà á lọ́wọ́ ìfọ́jú. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà: ẹ̀kán, lójú, lẹ́ẹ̀kan, láti ọwọ́ ẹni tí ó mọ ìwọ̀n. Èló ni, fún ta ni, fún ìgbà wo?

Ní báyìí, a lè dáhùn ìbéèrè ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé àwọn tí wọ́n fi èèpo kòkó ṣe eérún náà kò dúró síbi ìyìn. Ní ọdún 2017, wọ́n tẹ ìwádìí mìíràn jáde: wọ́n gbé àlùbọ́sà lé orí eérún fàdákà tí wọ́n fi èèpo kòkó àti èso kòkó ṣe, wọ́n sì wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí gbòǹgbò rẹ̀. Èyí kì í ṣe eré. Láti ọdún 1938 ni onímọ̀ ará Sweden kan, Albert Levan, ti ń fi gbòǹgbò àlùbọ́sà yẹ oró kẹ́míkà wò. Ṣónṣó gbòǹgbò àlùbọ́sà ni sẹ́ẹ̀lì ti ń pín kíákíá. Krómósómù rẹ̀ kò ju 16 lọ, wọ́n sì tóbi débi pé a lè kà wọ́n. Bí ohun kan bá ń da pípín sẹ́ẹ̀lì rú, àlùbọ́sà yóò kọ́kọ́ sọ ọ́. Ohun tí ó sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni pé bí ìwọ̀n eérún náà ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni pípín sẹ́ẹ̀lì ń dínkù, tí krómósómù kan sì ń ya kúrò lọ́nà. Kòkó ni, ewé àdúgbò wa ni, síbẹ̀ àlùbọ́sà kò gba orúkọ ewé gẹ́gẹ́ bí ìwé ìwọlé.

Ọ̀pọ̀ a máa rò pé aṣọ tí ewé wọ̀ fún fàdákà ni yóò sọ ọ́ di aláìléwu. Òtítọ́ ni pé ewé ń wọ aṣọ fún un. Àwọn èròjà inú omi ewé a máa lẹ̀ mọ́ ara eérún kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í jẹ́ kí àwọn eérún náà so pọ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ṣùgbọ́n aṣọ yìí lè ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà méjì. Nígbà mìíràn, ó máa ń jẹ́ kí fàdákà tú jáde díẹ̀díẹ̀, ara ẹranko á sì lè gbà á mọ́ra. Nígbà mìíràn, sẹ́ẹ̀lì lè ṣí ilẹ̀kùn fún un, fàdákà náà yóò sì bá aṣọ àlejò rere wọlé. Aṣọ ewé kan kò rí bí ti èkejì. Àní ewé kan náà tí a já ní ìgbà òjò kò rí bí èyí tí a já ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé "eérún ewé kò léwu" kò sọ nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó sọ pé "oúnjẹ dára" kò ṣe sọ nǹkan kan fún alárùn àtọ̀gbẹ. Títóbi eérún, àwọ̀ aṣọ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àti ibi tí ó ń lọ ni ó yẹ kí a wò.

Ibi tí ó ń lọ ni ó kàn wá jù ní Datcha. Gbogbo ará Togo mọ ìlú wa mọ́ aṣọ. Ilé-iṣẹ́ aṣọ ni ó mú ọ̀pọ̀ ìdílé tẹ̀dó síbí. Nítorí náà, a kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ kí a dijú. Lónìí, ní àwọn ilẹ̀ òkèèrè, a ń fi eérún fàdákà sínú ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ eré ìdárayá kí wọ́n má baà rùn. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona, Benn àti Westerhoff, fọ irú ìbọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú omi lásán. Fàdákà tú jáde. Nínú àwọn mìíràn, ìfọ̀ mélòó kan ti tó láti tú èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù. Ní ìlú tí omi ìfọṣọ ti ń gba ilé-iṣẹ́ ìwẹ̀mọ́ kọjá, ọ̀pọ̀ fàdákà yẹn yóò bá imí-ọjọ́ inú ẹrẹ̀ so pọ̀, oró rẹ̀ yóò sì dínkù. Ní ọ̀dọ̀ wa, omi ìfọṣọ a máa ti inú abọ́ bọ́ sí gọ́tà, láti gọ́tà sí ìṣàn, láti ìṣàn sí odò. Odò wa ń lọ sí Mono. Mono gba adágún Nangbéto kọjá, níbi tí àwọn apẹja ti ń jẹun láti ìgbà tí a ti kọ́ ìdènà omi náà ní ọdún 1987, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ dé òkun lẹ́bàá Grand-Popo. Ohun tí a bá dà ní òkè, àwọn ará ìsàlẹ̀ ni yóò mu ún.

Ó hàn gbangba pé ẹja kì í fẹ́ràn fàdákà. Ní Ontario, ní ilẹ̀ Kánádà, àwọn onímọ̀ ya adágún kan sọ́tọ̀ fún ìdánwò, wọ́n ń pè é ní Lake 222. Ní ọdún 2014 àti 2015, wọ́n ń da eérún fàdákà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n bá fàdákà nínú ẹ̀dọ̀ àwọn ẹja, iye ẹja perche inú adágún náà sì dínkù. Eérún ilé-iṣẹ́ ni wọ́n lò, kì í ṣe ti ewé. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ti ewé kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni ó yẹ kó mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe apẹja Nangbéto.

A ti gbọ́ àtakò kan, ó sì lágbára, a kò sì fẹ́ fò ó kọjá. Àwọn kan nínú àwọn akẹgbẹ́ wa ní: "Ibà ń pa àwọn ọmọ wa, kòkòrò àrùn kò gbọ́ ti oògùn mọ́, ẹ sì ń sọ̀rọ̀ ẹja. Àwọn ará Yúróòpù ti lo gbogbo kẹ́míkà tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó di ọlọ́rọ̀. Nígbà tí ó kan ọ̀nà tí ó rọrùn fún tálákà, ẹ ní kí a dúró." Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá, nítorí pé ó ní òtítọ́ nínú. Kì í ṣe pé kí a dúró ni a ń wí. Ẹ wo Tamale, ní àríwá Ghana: wọ́n ń mọ ìkòkò amọ̀ tí ń sẹ́ omi, wọ́n sì ń fi omi fàdákà kun ún kí kòkòrò má baà gbé inú rẹ̀. Fàdákà ni, ṣùgbọ́n ó díwọ̀n, ó lẹ̀ mọ́ amọ̀, a sì lè wọn èyí tí ó bá omi jáde. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé omi mímu tí fàdákà inú rẹ̀ kò bá ju mílígíráàmù 0,1 nínú lítà kan lọ kò ní í pa ènìyàn lára. Ẹni tí ó bá lè wọn nǹkan lè lò ó. Ẹni tí kò bá lè wọ̀n ọ́, ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́. Tálákà kò nílò ohun tí a kò yẹ̀ wò ju olówó lọ. Òun gan-an ni kò ní owó ìwòsàn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́.

Ilẹ̀ Faransé, tí a jogún èdè àti ìwé rẹ̀, ti rí ọ̀nà kan tí a lè wò. Láti ọdún 2013, ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣe ohun tí ó kéré ní ìwọ̀n nànò, tí ó kó o wọlé, tàbí tí ó pín in fún àwọn oníṣòwò, gbọ́dọ̀ lọ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìjọba tí a ń pè ní R-Nano, bí ó bá ti tó gíráàmù 100 lọ́dún. Gíráàmù 100: kò tó ẹyin adìẹ méjì. Àwọn kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ yọ E171, ẹfun titanium tí ń mú súìtì àti oúnjẹ funfun, kúrò nínú oúnjẹ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020. Gbogbo ìṣọ̀kan Yúróòpù sì tẹ̀ lé wọn ní ọdún 2022. Kì í ṣe pé ẹnìkan ti kú lójú wọn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé kò léwu. Ní Togo, òfin àyíká ti ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2008 ti wà. Ó ní kí a yẹ iṣẹ́ tí ó lè ba àyíká jẹ́ wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àjọ ANGE ni ó sì ń bójú tó o. Kò pọn dandan kí a dá òfin mìíràn sílẹ̀ lónìí. Ó pọn dandan kí ọ̀rọ̀ "ewé" má ṣe di ihò tí a ń gbà sá kúrò lábẹ́ èyí tí ó wà.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, a kò ṣe eérún fàdákà ní ọjọ́ àṣà náà. A sọ ìdí fún àwọn ọmọ: a kò ní ibọ̀wọ́ tó, a kò ní ibi tí a ó kó ìdọ̀tí rẹ̀ sí, gọ́tà ilé-ẹ̀kọ́ sì ń ṣàn lọ sí oko ẹ̀fọ́ àwọn obìnrin. A tún kọ́ wọn ní ohun tí ìwé kẹ́míkà wọn ti sọ: bí a bá da iyọ̀ ìsebẹ̀ sínú ìyókù nitrate d'argent, fàdákà yóò dì ní funfun, yóò sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀, a ó lè sẹ́ ẹ, a ó sì dá a padà fún yàrá àyẹ̀wò tí ó mọ bí a ti ń kó o. Ẹni tí kò bá mọ bí yóò ti parí iṣẹ́ kò tíì yẹ lẹ́ni tí ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Dípò rẹ̀, a kó àlùbọ́sà jọ. Ife onígíláàsì, omi kànga, omi gọ́tà, omi tí a fọ aṣọ aláró, omi tí a kán eau de Javel sí, àti ìwọ̀n-rúlà: kò sí ohun mìíràn. A gbé àlùbọ́sà lé ẹnu ife, kí ìdí rẹ̀ kan omi, a sì wọn gbòǹgbò rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Gbòǹgbò inú omi kànga gùn, ó funfun. Ti inú omi Javel rán, kò kúrò lójú kan. Ọmọbìnrin tí ó bi wá ní ìbéèrè ni ó ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì béèrè pé kí a gbé àlùbọ́sà kan lé omi ìgò tí alágbàtà oògùn tún ń tà nínú ọjà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ọjà Datcha máa béèrè ni yẹn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò rọ̀ yín láti kórìíra ewé, bẹ́ẹ̀ ni a kò rọ̀ yín láti bẹ̀rù àwọn onímọ̀ tiwa. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi hàn pé ẹnìkan lè gbóríyìn fún iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó sì gbé àlùbọ́sà lé e lórí. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju báyìí lọ: bí ẹnikẹ́ni bá gbé omi fàdákà, omi bàbà tàbí ìyẹ̀fun síńkì wá, tí ó ní ewé ni, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè àwọn baba wa. Ewé wo? Èló ni? Fún ta ni? Fún ìgbà wo? Kí a wá fi ìkarùn-ún kún un, èyí tí ìgbà tiwa bí: nígbà tí a bá lò ó tán, níbo ni yóò lọ? Bí kò bá lè dáhùn, kí ó gbé ìgò rẹ̀ padà. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú omi náà kí a tó dà á.